Ebè Mélòó fún Àpótí Karùn-ún?

Nígbà tí ọjọ́ ìkórè ìjọ Onítẹ̀bọmi ní Ìrókò ku ọ̀la, Dàpọ̀ Ẹkúndayọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e ti Moniya dé, ó ń súfèé. Abẹ́rẹ́ tuntun fún ẹ̀rọ àwo orin rẹ̀ wà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀. Ó ti fi ìwé wé e, ó sì tún fi ọ̀rá wé ìwé náà, bí ẹni tó gbé wúrà.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Ó ti ṣe akọ̀wé ní ìjọba ìbílẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì ti ń ṣe akọ̀wé ìjọ láti nǹkan bí ogún ọdún. Gbogbo ará ìjọ ló mọ ohun méjì nípa rẹ̀: kì í pẹ́ dé ìpàdé àdúrà, kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ àwọn àpótí orin rẹ̀.

Àpótí wọ̀nyí kì í ṣe àpótí lásán. Nígbà tí Dàpọ̀ wà ní ọ̀dọ́, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan wà ní Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Ọmọ Ẹ̀fúùfù. Ọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n, irun wọn pọ̀ bí igbó, gìtá wọn sì máa ń ké bí ẹni pé ààrá fẹ́ sán. Nígbà tó yá wọ́n túká, ayé sì gbàgbé wọn. Àfi bí àwọn òyìnbó kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe lọ hú àwọn téèpù wọn àtijọ́ jáde. Wọ́n yọ gbogbo ariwo àti eruku tó wà nínú ohùn náà, bí ẹni ha èéfín kúrò lára ìkòkò, wọ́n tún un tẹ̀ sórí àwo tuntun, wọ́n sì kó o sínú àpótí aláràbarà. Àpótí kan, àwo mẹ́ta. Ìwé àwòrán tó nípọn bí ìwé orin ìjọ. Àwòrán ńlá tí a lè lẹ̀ mọ́ ògiri. Àti ẹ̀dà tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọlé síbi eré nígbà náà. Márùn-ún ni gbogbo àpótí náà. Olúwabùnmi, ọmọ Dàpọ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ló ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọọdún.

Pásítọ̀ Olúwadọ̀tun ti bi í léèrè rí bóyá irú orin bẹ́ẹ̀ yẹ akọ̀wé ìjọ. Dàpọ̀ kò jiyàn. Ó fi àga fún un, ó fi àwo sí i fún un. Kí orin náà tó dé ìdajì, bàtà pásítọ̀ ti ń lu ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà parí.

Àpótí mẹ́rin àkọ́kọ́, ọjọ́ tí wọ́n dé náà ni Dàpọ̀ ya ọ̀rá ara wọn. Ẹ̀karùn-ún nìkan ni kò ṣí. Láti oṣù kẹta ni ó ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ nínú yàrá, tòun ti ọ̀rá rẹ̀, títí oṣù kọkànlá fi dé. Ìdí rẹ̀ ni Sanmí.

Ní ọdún 1974, bàbá Sanmí ní ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó iṣu láti Ìrókò lọ sí Ìbàdàn. Dàpọ̀ àti Sanmí, tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan ní ilé-ìwé, bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti gbé wọn lọ wo Ọmọ Ẹ̀fúùfù ní gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá. Bàbá náà ní, "Bí mo bá já ẹrù tán, n ó fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tí kò bá jáde, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé." Fèrè ọkọ̀ náà kò ní ẹgbẹ́ ní gbogbo ọ̀nà Ọ̀yọ́, ohùn mẹ́ta ni ó ní: Póò-pò-póò!

Àwọn ọmọ méjèèjì jókòó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, olórí olórin ní orin kan ló kù, orin tí wọn kò tíì kọ níbìkankan rí. Gbọ̀ngàn pa rọ́rọ́. Ìgbà náà ni fèrè dún níta. Àwọn méjèèjì sì sáré jáde, wọ́n ń sunkún.

Wọn kò gbọ́ orin náà mọ́. Kò sí nínú àwo kankan, nítorí pé ẹgbẹ́ náà túká kí ọdún tó parí. Fún àádọ́ta ọdún ó lé ni Dàpọ̀ àti Sanmí ti ń jiyàn bí orin náà ì bá ṣe rí. Ṣé ẹ wá mọ ohun tó wà nínú àpótí karùn-ún? Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹnìkan ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, téèpù náà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé kan láti ìgbà náà.

Ìjàyè ni Sanmí ń gbé báyìí, àgbẹ̀ ni. Nígbà tí àpótí náà dé, ojú ń dùn ún, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n wá ṣe ìkan, wọ́n tún ṣe èkejì, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà nínú eruku fún ìgbà díẹ̀. Ó bẹ Dàpọ̀ lórí fóònù, "Má ṣí i o. Bí o bá dá nìkan gbọ́ ọ, n kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láyé." Dàpọ̀ búra fún un pé òun kò ní ya ọ̀rá rẹ̀. Nígbà tí ojú sì ti dá, wọ́n fi í sí ọjọ́ ìkórè, lẹ́yìn ìsìn.

Ìdí nìyí tí Dàpọ̀ fi ń súfèé. Ó wọ yàrá, ó gbójú sókè wo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

"Àjọkẹ́!"

Ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Bùnmi. Oúnjẹ wà nínú kúlà."

"Àpótí mi dà?"

"Èwo nínú wọn? Ṣé mẹ́rin kọ́ ló wà ní pálọ̀ ni?"

"Èyí tó wà lókè! Èyí tó wà nínú ọ̀rá!"

Àjọkẹ́ nu ọwọ́ nù lára ìró rẹ̀, ó wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣe ohun tó dára. "Ìyẹn? Mo ti gbé e lọ fún ìkórè. Ẹgbẹ́ obìnrin ní kí olúkúlùkù mú ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò wá fún Olúwa. Mo wo gbogbo ilé yìí. Ìkòkò, mo ti fi se ọbẹ̀. Aṣọ, mo ti ró o. Mo wá rí èyí, tí ẹ gbé sókè láti oṣù kẹta, tí ẹ kò tilẹ̀ ṣí wò. Mo ní, èyí kò wù wọ́n. Mo sì kọ ọ́ sí i lára pé, 'Láti ọ̀dọ̀ ìdílé Ẹkúndayọ̀,' kí ìbùkún lè kàn yín."

Dàpọ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó yá, ó ròyìn Sanmí fún un, ó ròyìn orin tó kù, gbogbo ohun tí kò sọ fún un tẹ́lẹ̀ nítorí pé ó mọ̀ pé yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín kúrò lójú Àjọkẹ́.

"Háà! Bàbá Bùnmi, èéṣe tí ẹ kò sọ? Gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ràn, wàrà-wàrà lẹ máa ń ya á. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé èyí tí ẹ kò ya ni ẹ fẹ́ràn jù?"

Dàpọ̀ ki ẹsẹ̀ bọ bàtà padà.

Ó sáré lọ sí ilé pásítọ̀. Pásítọ̀ Olúwadọ̀tun tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ó káàánú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí. "A ti gbàdúrà lé gbogbo rẹ̀ lórí, Akọ̀wé. Ti Olúwa ni. Ẹ̀yin náà lẹ kọ òfin rẹ̀ sínú ìwé ìjọ. Ẹ ẹ̀ rántí ọ̀rọ̀ bàtà Díákónì ni?"

Ta ni yóò gbàgbé? Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó Díákónì Olúyínká ṣèèṣì kó bàtà òjò tuntun ọkọ rẹ̀ mọ́ ẹrù ìkórè. Díákónì wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá a padà fún òun, Akọ̀wé sì dìde, ó ka òfin sí i létí, ó gbé ojú ìwé sókè: ohun tí a bá ti gbé síwájú pẹpẹ, a kì í gbé e padà bí kò ṣe lọ́jà ìkórè. Ọgọ́ta ebè ni Díákónì kọ kí ó tó wọ bàtà ara rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ebè. Owó kọ́ ni ìjọ náà fi ń ra ọjà ìkórè. Àwọn bàbá tó dá ìjọ sílẹ̀ rí i pé olówó ló máa ń kó gbogbo ohun dáradára lọ, ìyẹn kò sì dùn mọ́ wọn nínú. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ iye ebè tí òun yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lóko iṣu ìjọ, ohun tó bá sì ti inú oko náà wá ni wọ́n fi ń tún ilé Ọlọ́run ṣe. Ohun kejì ni pé ẹnikẹ́ni kì í pariwo iye tirẹ̀, kí ìgbéraga má bàa wọ inú ìjọsìn. Etí agbàlejò, ẹni tó ń fi èrò sí ìjókòó, ni a ń sọ ọ́ sí, agbàlejò yóò lọ sọ fún Díákónì, Díákónì yóò sì kéde iye náà láìdárúkọ ẹni. A kò sì gbọdọ̀ wẹ̀yìn wò láti mọ ẹni tó ń bá wa díje.

Ní ọjọ́ ìkórè, ìsìn dùn. Wọ́n kọrin, wọ́n jó lọ síwájú pẹ̀lú iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọdé gbé àgbàdo lórí. Dàpọ̀ kọrin tirẹ̀, ó ṣe àmín tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára àpótí dúdú tí àwòrán mànàmáná aláwọ̀ wúrà wà lára rẹ̀, tí ó jókòó láàárín ìbẹ́pẹ mẹ́ta àti àdìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Kò tíì pe Sanmí. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó pè é. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, "Olúwa, jẹ́ kí n rí i gbà padà kí ó tó dé, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ."

Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n jáde sábẹ́ àtíbàbà níwájú ilé ìjọsìn. Dàpọ̀ àti Àjọkẹ́ jókòó lórí ìlà kejì. Èrò pọ̀ débi pé àwọn kan jókòó lẹ́yìn, lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn aládùúgbò tí wọn kì í ṣe ọmọ ìjọ náà wá, wọn kì í pa á jẹ. Màmá Mùsílímátù, tó ń ṣe gààrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Dàpọ̀, dúró nítòsí tábìlì, ó ń fọwọ́ pa àpótí náà lára.

"Ẹ wo àpótí! Gèlè mẹ́wàá á wọ inú rẹ̀."

"Màmá, kì í ṣe àpótí gèlè," ni Dàpọ̀ wí, ohùn rẹ̀ gbẹ.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Orin ni."

"Bí mo bá rà á, n ó kó orin jáde fún yín. Èmi á mú àpótí." Ó sì rẹ́rìn-ín lọ jókòó.

Díákónì Olúyínká bọ́ síwájú, bàtà òjò rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ti dá. Ó ta àdìyẹ ní ogún ebè. Ó ta ìbẹ́pẹ. Ó gbé àpótí náà sókè, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ó sì fa gíláàsì rẹ̀ sílẹ̀ sí imú láti wo Dàpọ̀.

"Ará, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀rẹ́ wa Akọ̀wé fún Olúwa ní ohun tó fẹ́ràn jù lọ ní ayé. Àbí ẹ̀ ń rí ìfẹ́? Ojú rẹ̀ ń dán bí ti áńgẹ́lì!"

Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Dàpọ̀ tẹrí ba. Àjọkẹ́ sọ sí i létí pé, "Ó mọ̀ ọ́n. Ìyàwó pásítọ̀ ti sọ fún un."

"Ìbẹ̀rẹ̀, ogójì ebè!"

Dàpọ̀ na ọwọ́ sí Títílọpẹ́, ọmọbìnrin agbàlejò tó wà níwájú, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí. Títílọpẹ́ lọ. Díákónì ké, "Ọgọ́ta láti iwájú!" Màmá Mùsílímátù fi ọgọ́rin ránṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, agbàlejò ẹ̀yìn náà sì dé. "Ọgọ́rùn-ún láti ẹ̀yìn!" Màmá Mùsílímátù tó wà ní ẹ̀gbẹ́ pariwo, "Ó tó fún mi! N kò lè kú nítorí gèlè," gbogbo èrò sì rẹ́rìn-ín. Dàpọ̀ mí kanlẹ̀. Ó ní àádọ́jọ.

Ó rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n agbàlejò ẹ̀yìn tún ń bọ̀, ó ń yára.

"Igba ebè láti ẹ̀yìn!"

Ariwo sọ. Ẹ mọ ohun tí igba ebè jẹ́: iṣẹ́ òòjọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó lágbára ni, tí ó bá ti jí ní kùtùkùtù. Ọwọ́ Dàpọ̀ sì jẹ́ ọwọ́ tí kò gbé ohun tó wúwo ju bírò lọ fún ogójì ọdún.

"Ta nìyẹn?" ni Dàpọ̀ béèrè láìyí orí.

Àjọkẹ́ fi gèlè bojú, ó yọ́ ojú wẹ̀yìn, kí Ọlọ́run dárí jì í. "N kò rí i. Ó wà lẹ́yìn igi máńgòrò. Ẹ fi kún un!"

"Ẹ̀yìn mi ńkọ́?"

"N ó máa fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi kún un, Bàbá Bùnmi! Èmi ni mo gbé e wá."

Dàpọ̀ ní igba ó lé ogójì. Ẹ̀yìn ní ọ̀ọ́dúnrún. Dàpọ̀ fi ojú inú wo oko ìjọ, ó wo oòrùn, ó wo ọkọ́. Ó sọ sí Títílọpẹ́ létí. Títílọpẹ́ ní, "Bàbá, ṣé ó dá yín lójú?" Ó ní kí ó lọ.

"Irinwó láti iwájú! Irinwó ebè! Ará, ilé pásítọ̀ ti rí páànù!"

Dàpọ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ agbàlejò ẹ̀yìn nínú ewé gbígbẹ.

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta," ni Díákónì wí. Kò pariwo mọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì wo Dàpọ̀ bí ẹni tí yẹ̀yẹ́ ti tán lójú rẹ̀. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láti ẹ̀yìn, Akọ̀wé."

Títílọpẹ́ ti tẹ̀ síwájú Dàpọ̀, etí rẹ̀ nílẹ̀. Àjọkẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹgbẹ̀ta ti wà lẹ́nu Dàpọ̀. Ó rọrùn láti sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni, Ọlọ́run ni ó sì ń jẹ́ ẹ fún. Ó mọ̀ pé irinwó náà, bóyá ni òun lè parí rẹ̀ kí òjò tuntun tó rọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni bàbá rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ ọ pé kí ó má ṣèlérí fún Ọlọ́run pẹ̀lú ọwọ́ tí kò ní.

Ó mi orí fún ọmọbìnrin náà. "Jẹ́ kí ó máa gbé e lọ, ọmọ mi. Ó parí."

Díákónì kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gbé àpótí fún agbàlejò ẹ̀yìn. Nígbà tí a bá ti tà á tán, òfin gbà wá láàyè láti wẹ̀yìn. Dàpọ̀ kò fẹ́ wò. Ó ń ro ohun tí yóò sọ fún Sanmí, bí yóò ṣe fi oúnjẹ síwájú rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́, àbí kí ó sọ ọ́ kí ó tó jẹun. Àjọkẹ́ ló wẹ̀yìn. Ó pariwo.

"Bàbá Bùnmi! Bàbá Bùnmi, ẹ wò ó!"

Dàpọ̀ yí padà. Láti ẹ̀yìn igi máńgòrò, ọkùnrin kan tó ga, tó fi gíláàsì dúdú sójú, ń bọ̀, ó gbé àpótí náà lé àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Gbogbo eyín rẹ̀ ló wà níta.

"Dàpọ̀!" ni Sanmí ké. "Wo ohun tí mo rà! Mo tètè dé, mo ní kí n jókòó sí abẹ́ òjìji títí ẹ ó fi parí. Pàtẹ́wọ́ yín ló jí mi lójú oorun, ni ojú mi tuntun yìí rí mànàmáná wúrà lórí tábìlì! Mo ní, àwòrán tí Dàpọ̀ fi ránṣẹ́ sórí fóònù nìyẹn! Mo ní, ẹlòmíràn ní Ìrókò tún ní irú rẹ̀, èmi náà á ní tèmi báyìí, n kò ní máa gun ọ̀kadà wá sílé ẹ nítorí orin mọ́. Àmọ́ òmùgọ̀ kan wà níwájú níbẹ̀ yẹn, ó fẹ́ pa mí! Irinwó ebè! Ta ni irú wèrè bẹ́ẹ̀?"

Díákónì Olúyínká ni ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí tábìlì láàárín ìbẹ́pẹ. Dàpọ̀ gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ilé-ìwé.

"Èmi ni òmùgọ̀ náà," ni ó wí. "Sanmí, àpótí mi lo rà."

Ó gba àkókò kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ Sanmí létí. Ó wo àpótí, ó wo Dàpọ̀, ó wo Àjọkẹ́ tí ó ti fi gèlè bo gbogbo ojú. "O jẹ́ kí wọ́n fi àpótí wa ṣe ìkórè?"

"Èmi ni," ni Àjọkẹ́ wí lábẹ́ gèlè. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ má bínú."

"Bínú?" Sanmí yọ gíláàsì, ó nu ojú. "Ìyàwó wa, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ebè ló wà lọ́rùn mi. Ìgbà wo ni n ó ráyè bínú?"

Pásítọ̀ bèèrè bóyá kí ìjọ dá ẹ̀jẹ́ náà padà sí orí irinwó, nítorí pé àwọn méjèèjì kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Sanmí ní rárá o. Ó ní Olúwa gbọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Dàpọ̀ ní òfin wà nínú ìwé, òun ló sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ pé ọ̀rẹ́ kò lè bá ọ̀rẹ́ kọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ti jẹ iyán tán, wọ́n gbé àpótí náà sórí tábìlì ní pálọ̀. Àjọkẹ́ mú ọ̀bẹ wá láti ilé ìdáná, wọ́n sì jẹ́ kí òun ya ọ̀rá náà. Dàpọ̀ fi abẹ́rẹ́ tuntun sí ẹ̀rọ. Pásítọ̀ àti Díákónì jókòó lórí àga gígùn. Màmá Mùsílímátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun kò dúró pẹ́.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó mọ́ débi pé ènìyàn lè gbọ́ bí ẹni tó ń ta gìtá ti ń mí. Orin kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ kejì àwo kẹta, olórí olórin sì sọ ọ̀rọ̀ tí Dàpọ̀ àti Sanmí ti ń sọ fún ara wọn fún àádọ́ta ọdún: orin kan ló kù, orin tí àwọn kò tíì kọ níbìkankan rí. Gbọ̀ngàn tó wà nínú àwo pa rọ́rọ́.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ní ọ̀nà jíjìn, ohun kan dún.

Póò-pò-póò.

Sanmí dìde dúró. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa, wọ́n sì ti ta ọkọ̀ náà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù kí ó tó lọ. Lórí téèpù àtijọ́, ariwo eruku ni yóò ti bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn tó fọ ohùn náà mọ́ kò mọ ohun tí wọ́n rí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ kí ó wà.

"Bàbá mi nìyẹn," ni Sanmí wí. "Dàpọ̀, bàbá mi ló ń pè wá."

"Jókòó," ni Dàpọ̀ wí. Òun náà ń nu ojú. "Lónìí, a ò lọ."

Sanmí jókòó, orin tó kù náà sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kì í ṣe orin tó dára jù nínú orin Ọmọ Ẹ̀fúùfù. Ó kúrú, ẹnìkan sì ṣi ìlù lù láàárín rẹ̀. Orin ọpẹ́ ni, ó rọra ń lọ, ó sì dàbí pé ẹni tó kọ ọ́ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí. Nígbà tó parí, àwọn méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Nítorí èyí ni a ṣe sunkún dé Moniya!" ni Dàpọ̀ wí.

"Tún un fi sí i," ni Sanmí wí. Màmá Mùsílímátù, tí kò dúró pẹ́, ti jókòó.

Oko ìjọ wà lẹ́yìn ìlú. Ní ọjọ́ Ajé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Kí Dàpọ̀ tó kọ ebè kan, Sanmí á ti kọ mẹ́rin. Ebè Sanmí rí bí fìlà tí wọ́n lọ̀. Ti Dàpọ̀ rí bí àkàrà tí kò wú. Ní ọjọ́ kẹta Díákónì Olúyínká dé pẹ̀lú ọkọ́ lórí èjìká àti bàtà òjò lẹ́sẹ̀. Ó ní òun mọ bí ó ṣe ń rí, ó kọ ọgọ́ta ebè fún wọn, ó sì ń fi Akọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní alaalẹ́ ni Àjọkẹ́ ń fi omi gbígbóná tẹ ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀, kò sì ráhùn.

Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tí Àjọkẹ́ gbé oúnjẹ dé ẹ̀bá oko. Sanmí ti parí tirẹ̀, ó ti jókòó sábẹ́ igi. Ó kó ọwọ́ méjèèjì jọ sí ẹnu, ó sì fọn ọ́n bí bàbá rẹ̀:

"Póò-pò-póò!"

Ẹsẹ̀ Dàpọ̀ ti gbéra kí ó tó mọ̀. Ó dá ara rẹ̀ dúró, ó wo ilẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì tún gbé ọkọ́ sókè.

"Fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ó ké padà. "Ó ku ebè kan."